Bí Akọrin Mẹ́sàn-án Ṣe Yọ Ilé-Ìwé Wọn Nínú Gbèsè

Ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹwàá ọdún 1871 ni wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin ní Nashville, ìpínlẹ̀ Tennessee, ní Amẹ́ríkà. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n, inú oko ẹrú ni wọ́n sì bí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sí. Ọkùnrin òyìnbó tó kó wọn dání, George L. White, ni akápò ilé-ìwé Fisk. Òun kan náà ló ń kọ́ wọn lórin. Ìyókù owó tó wà lápò ilé-ìwé ló kó sápò ara rẹ̀ láti fi wọkọ̀. Àjọ ìhìnrere tó ni ilé-ìwé náà ti sọ fún un pé ọwọ́ àwọn ò sí níbẹ̀. Àwọn òbí kan ò fẹ́ kí ọmọ wọn lọ. Ká ní ọ̀dọ̀ tiwa ni akápò kan ti dán irú èyí wò, kó tó dé ibùdókọ̀ ni wọ́n á ti pe ìpàdé pàjáwìrì lé e lórí.

Ìtàn náà ti di ẹ̀rí tí wọ́n ń jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì: àwọn ọmọ kọrin, Ọlọ́run ṣí ọ̀nà, owó dé, wọ́n kọ́ ilé. Irọ́ kọ́. Àmọ́ bí wọ́n bá ti sọ ọ́ báyẹn, nǹkan méjì ló máa ń já bọ́ nínú rẹ̀. Èkíní, orin tó mówó wọlé ni orin tí àwọn ọmọ náà ò fẹ́ kí àlejò gbọ́ lẹ́nu wọn. Èkejì, kì í ṣe àwọn tó sọ owó sínú igbá nìkan ló san owó ilé yẹn. Èmi náà ti wà nínú kwáyà ilé-ìwé rí. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé "ẹ wá kọrin fún wa níbi ìkówójọ", tó jẹ́ pé búrẹ́dì kan àti mínírà kan lẹ máa gbé lọ sílé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ilé-ìwé tí à ń wí. Oṣù Kìíní ọdún 1866 ni Fisk ṣílẹ̀kùn, nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ò tíì parí tó ọdún kan. American Missionary Association ló gbé e kalẹ̀ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú. Ilé onípákó tí àwọn ológun ìhà Àríwá fi ṣe ilé-ìwòsàn nígbà ogun ni wọ́n sọ di kíláàsì. Orúkọ Ọ̀gágun Clinton B. Fisk, tó bá wọn rí ilé náà gbà, ni wọ́n fi sọ ọ́. Ọmọ ọdún méje ń jókòó ti bàbá àádọ́rin ọdún, àwọn méjèèjì ń ka ABD.

Nashville ní ọgbà tí wọ́n ti máa ń ta ẹrú. Nígbà tí ọjà náà tú, ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ kù síbẹ̀, wọ́n dípẹtà. Àwọn ará Fisk kó wọn, wọ́n tà wọ́n bí ẹni ta irin àlòkù, wọ́n sì fi owó rẹ̀ ra Bíbélì àti ìwé ABD. Mo máa ń rò ó pé ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan wà nínú kíláàsì yẹn tó di ìwé mú ní ọrùn ọwọ́ kan náà tí irin yẹn ti há rí.

Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, pákó ilé ti ń jẹrà, atẹ́gùn ń gba inú ihò wọlé, gbèsè ti di ẹrù, oúnjẹ ò tó nǹkan mọ́. Bẹ́ẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ kì í ṣe àwọn tí ń jókòó tẹtẹrẹ. Bí wọ́n bá gba ìsinmi, abúlé ni púpọ̀ nínú wọn ń lọ, wọ́n á di tíṣà fún àwọn aláwọ̀ dúdú bíi tiwọn, owó tí wọ́n bá rí níbẹ̀ ni wọ́n á fi padà wá kàwé. Nǹkan bí ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn èyí ni W.E.B. Du Bois, òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú tó lókìkí, wá sí Fisk, irú iṣẹ́ yẹn náà lòun ṣe nínú ìgbèríko Tennessee ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn méjì. Iṣẹ́ náà léwu. Maggie Porter, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́sàn-án tí à ń sọ̀rọ̀ wọn, ṣì kéré nígbà tó gba iṣẹ́ tíṣà. Ó lọ ṣe Kérésìmesì, ó padà dé, eérú ló bá. Ku Klux Klan, ẹgbẹ́ òyìnbó tó ń fi ipá dẹ́rù ba aláwọ̀ dúdú, ti dáná sun ilé-ìwé rẹ̀.

Ella Sheppard ló ń tẹ dùùrù fún wọn. Nígbà tó ṣì wà lọ́mọdé, ìyá rẹ̀ gbé e lọ sí etí odò Cumberland láti bá a kú sómi, kí ọmọ náà má bàa dàgbà sínú oko ẹrú. Ìyá àgbà kan ló dá a dúró, ó ní Olúwa ní ohun tó máa fi ọmọ yẹn ṣe. Bàbá rẹ̀ padà san 350 dọ́là kó tó rí i rà kúrò lọ́wọ́ olówó rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò rí rà. Nígbà tí Ella wá sí Fisk ní 1868, dọ́là mẹ́fà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, àpótí aṣọ rẹ̀ sì kéré débi pé àwọn ọmọkùnrin ilé-ìwé sọ ọ́ ní àpótí páì.

Orin wá ńkọ́? Orin òyìnbó ni White kọ́ wọn: àńtẹ́ẹ̀mù, orin pálọ̀, àti kàǹtátà gígùn kan tó dá lórí ìtàn Ẹ́sítérì. Wọ́n mọ̀ ọ́n kọ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kóra jọ sílé White tí àlejò ò sí níbẹ̀, orin mìíràn ni wọ́n ń kọ. Àga ò tó, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí, wọ́n á rẹ ohùn sílẹ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n á máa kọ ohun tí ìyá àti bàbá wọn kọ lóko òwú. Ella padà ṣàlàyé rẹ̀ nígbà tó yá: ní tiwọn, orin wọ̀nyẹn jẹ mọ́ ìgbà ẹrú, ó jẹ mọ́ òkùnkùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú rẹ̀, ó sì tún jẹ́ ohun mímọ́ tí àwọn òbí wọn fi bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Ta ni yóò gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ sí orí pèpéle kí àwọn tó sanwó ìwọlé máa wò ó? Ẹni tó bá mọ bí gángan ṣe pẹ́ níta kí wọ́n tó gbà á wọ ṣọ́ọ̀ṣì nílẹ̀ Yorùbá kò ní bi mí pé kí ló fa ìtìjú náà.

White tẹ́tí sí wọn, ó sì ní kí wọ́n kọ́ òun. Kì í ṣe ẹni tó kàwé orin. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni, ó ti ja ogun abẹ́lé. Àmọ́ etí rẹ̀ mọ ohun tó dùn. Kì í fẹ́ ariwo. Ó kọ́ wọn láti máa kọrin wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ títí tí ohùn gbogbo wọn á fi di ẹyọ kan, tí ẹni tó ń gbọ́ á ní láti mí sókè mí sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó má bàa bà á jẹ́.

Wọ́n wọ Ohio. Nǹkan ò rọgbọ. Àwọn èèyàn gbọ́ pé aláwọ̀ dúdú ń bọ̀ wá kọrin, ohun tó sì wá sí wọn lọ́kàn ni àwọn aláwàdà ìgbà náà, òyìnbó tó fi èédú kunjú tó ń ṣe bí ọ̀dẹ̀ lórí pèpéle kí ojúgbà rẹ̀ lè rẹ́rìn-ín. Ilé ìtura kan á lé wọn, èkejì á lé wọn. Orin òyìnbó tí wọ́n ń kọ, àtẹ́wọ́ ló ń mú wá, owó ò bá a rìn. Bí igbá bá yí ká tó padà dé, iye tó wà nínú rẹ̀ kò ní tó owó ilé àti owó ọkọ̀ lọ sí ìlú tó kàn.

Àárín ìyẹn ni iná Chicago ṣẹ́ yọ. Láti ọjọ́ 8 sí ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá ni iná náà fi jó, ó pa èèyàn bí ọ̀ọ́dúnrún, ó sì sọ bí ọ̀kẹ́ márùn-ún di aláìnílé. Ìyẹn ni pé ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn tí àwọn akọrin yìí kúrò nílé ni iná sọ. Owó tó kọ́kọ́ wọlé fún wọn ní pàtó kò pé àádọ́ta dọ́là. Wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tí iná jó ní Chicago.

Mo ti ka ibí yìí lọ́pọ̀ ìgbà, ó ṣì ń dá mi dúró. Ilé-ìwé wọn jẹ gbèsè. Aṣọ òtútù tó dáa ò sí lọ́rùn wọn, bẹ́ẹ̀ ìgbà òtútù ń bọ̀. Àwọn òyìnbó tí wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ sí, ó ṣeé ṣe kí ilé ìtura wọn náà lé wọn bí wọ́n bá dé ibẹ̀. Ó dà bí ẹni tí ebi ń pa tó gbé àwo oúnjẹ rẹ̀ fún aládùúgbò lórí ògiri. Àwọn kan sọ pé ọgbọ́n ìpolówó ni. Bóyá. Ìwé ìròyìn kọ ọ́ lóòótọ́, ó sì ṣe wọ́n lóore. Àmọ́ mo rántí pé àwọn wọ̀nyí ni àwọn tó máa ń fi ìsinmi wọn lọ kọ́ ará abúlé ní ABD. Wọn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ bí a ṣe ń fún èèyàn lóhun tí kò tó ara ẹni.

Ní Columbus, White kò sùn mọ́jú, àdúrà ló ń gbà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó sọ fún wọn pé Jubilee Singers ni orúkọ wọn. Ẹni tó bá ṣí Lefitiku orí 25 á rí ibi tó ti mú un: ọdún Júbílì, àádọ́ta ọdún pé, wọ́n fun fèrè yí ilẹ̀ ká, ẹrú padà sọ́dọ̀ àwọn ará ilé rẹ̀. Bí wọ́n bá ti pe orúkọ yẹn, kò sẹ́ni tó tún máa rò pé àwọn aláwàdà oníèédú ló ń bọ̀.

Ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá ni wọ́n dé Oberlin. Ìgbìmọ̀ àgbà àwọn ìjọ Congregational ń ṣe ìpàdé níbẹ̀, àwọn àlùfáà láti ibi gbogbo ní Amẹ́ríkà. White bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ òun kọrin nígbà tí wọ́n bá dáwọ́ ìpàdé dúró díẹ̀. Ẹ̀yin tó ti kọrin nígbà tí ìjọ ń jáde mọ bó ṣe ń rí: àwọn ẹni ọ̀wọ̀ ń na ara, wọ́n ń kí ara wọn, wọ́n ń to ìwé. Àwọn ọmọ náà ò kọ orin òyìnbó. "Steal Away" ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ohùn wọn kéré bí ẹni tí ò fẹ́ kí olówó òun gbọ́. Ariwo inú ilé náà rọlẹ̀. Orin kan fa òmíràn. Nígbà tí wọ́n fi máa parí, omijé ti wà lójú àwọn àgbà àlùfáà, àwọn tó sì lè pè wọ́n wá sí ṣọ́ọ̀ṣì ńláńlá ti wá mọ orúkọ wọn.

Láti ibẹ̀ ni orin oko ẹrú ti gba iwájú. Oṣù Kejìlá ni wọ́n kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Henry Ward Beecher, oníwàásù tó lókìkí, ní Brooklyn. Ìwé ìròyìn kan fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà, àwọn èèyàn sì tú jáde wá wò wọ́n. Ní oṣù Kẹta 1872, wọ́n kọrin fún Ààrẹ Ulysses S. Grant. Nígbà tí wọ́n fi padà sílé, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún dọ́là ló wà lọ́wọ́ wọn. Ilé-ìwé san gbèsè, wọ́n sì ra ilẹ̀ níbi tí àgọ́ ológun kan wà tẹ́lẹ̀. Ní Louisville, nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wá sílé pẹ̀lú gbogbo owó yẹn, wọ́n lé wọn jáde nínú yàrá tí àwọn èrò ọkọ̀ ojú irin ti ń dúró. Owó lè kọ́lé. Kò ì lè gba ìjókòó fún wọn.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n sọdá sí Britain. Ọbabìnrin Victoria gbọ́ wọn nílé Duke ti Argyll ní London, Gladstone tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà gbà wọ́n lálejò, wọ́n kọrin ní Hull tó jẹ́ ìlú Wilberforce, ẹni tó jà kí òwò ẹrú lè dópin. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta dọ́là ni wọ́n mú bọ̀. Ibí yìí ni púpọ̀ nínú àwọn tó ń sọ ìtàn náà máa ń fẹ́ fẹ̀ lójú, torí ọba dùn ún kà. Èmi á yára kọjá.

Ìdí ni pé ara ti ń san gbèsè mìíràn. Laura, ìyàwó White, kú ní Glasgow ní 1874. White fúnra rẹ̀ ń pọ ẹ̀jẹ̀ láti inú ẹ̀dọ̀fóró. Ikọ́ ẹ̀gbẹ mú Benjamin Holmes, ó sì pa á. Minnie Tate, tó kéré jù nínú wọn, ohùn rẹ̀ ò tún rí bó ṣe rí mọ́. Nígbà tí White bá dùbúlẹ̀ àìsàn, Ella ló ń darí wọn. Bí Ella náà bá wó, a fi kí wọ́n gbé e dìde nítorí ètò alẹ́ ti wà nílẹ̀. Àwọn wọ̀nyí wọ ilé-ìwé kí wọ́n lè kàwé. Ọdún ń gorí ọdún, ìwé wọn dúró sí Nashville, àwọn wà nínú ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ wọn di ìjà láàárín wọn àti àwọn tó ń darí wọn: ẹni tí ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là wálé, èló ló tọ́ sí i? Àwọn ọ̀gá rò pé iṣẹ́ Olúwa ni, kò yẹ kí èèyàn máa dúnàá dúrà lé e lórí. Mo ti gbọ́ gbólóhùn yẹn rí, láti ẹnu àwọn tí wọ́n ti gba owó oṣù tiwọn.

Wọ́n tún jáde ní 1875, wọ́n lọ títí dé Netherlands àti Jámánì. Ní Hamburg, ní 1878, ẹgbẹ́ náà tú ká. Ó rẹ̀ wọ́n. Isaac Dickerson ti dúró sí Britain láti kàwé ní Edinburgh, ó di oníwàásù níbẹ̀ títí ó fi kú. Thomas Rutling náà fi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣelé. Láàárín nǹkan bí ọdún méje, àpapọ̀ owó tí orin wọn mú wá fún Fisk tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ dọ́là.

Ilé tí wọ́n fi kọ́ wà níbẹ̀ dòní. Jubilee Hall ni wọ́n ń pè é, ilé alájà mẹ́fà, ọjọ́ kìíní ọdún 1876 ni wọ́n yà á sí mímọ́. Nínú rẹ̀ ni àwòrán ńlá tí Edmund Havell kùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà, ó ga láti ilẹ̀ dé òkè àjà, àwọn akọrin náà dúró nínú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó dáa, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín.

Ella rí ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn tí ogun ti parí, ó wá a kàn ní Mississippi, ó sì padà mú un wá sí Nashville láti máa bá òun gbé. Ella fẹ́ àlùfáà kan, ó ń bá àwọn akọrin tó ń bọ̀ lẹ́yìn ṣiṣẹ́, ó sì kú ní 1914. Ẹgbẹ́ náà tún dìde lẹ́yìn títú yẹn, kò sì tíì parun. Ní 1909 ni mẹ́rin nínú àwọn akọrin ìgbà náà kọ "Swing Low, Sweet Chariot" sínú rẹ́kọ́ọ̀dù, àwọn ti ìsinsìnyí sì gba Grammy ní 2021. Wọn kì í ní adarí lórí pèpéle. Wọ́n á kàn dúró súnmọ́ ara wọn, ẹnì kan á mí, gbogbo wọn á bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dọọdún, bí ọjọ́ 6 oṣù Kẹwàá bá pé, iṣẹ́ máa ń dúró ní Fisk. Wọ́n ń pè é ní Jubilee Day. Àwọn akọrin ọdún náà á lọ sí itẹ́ òkú, wọ́n á dúró ti sàréè Ella Sheppard àti ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì kọ orin tí wọn ò fẹ́ kọ fún àlejò nígbà yẹn, láìlo ìwé, láìlo dùùrù.